Ọjọ́ Tí Ìsíátù Kó Òròmọdìẹ Pọ̀ Mọ́ Agbo

Àlàmísì ni Ìsíátù mú fún un. Láti ìgbà tí àgbébọ̀ rẹ̀ pupa ti pa ọmọ mẹ́sàn-án nínú páálí tẹlifíṣọ̀n ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ka ọjọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti Ṣàmsúdéènì ọkọ rẹ̀ àti Mardiyah ọmọ wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, ń gbé nínú ilé gígùn kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé sì ń lo ẹ̀yìnkùlé kan. Àwọn òròmọdìẹ náà ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ti ń fò lé orí ìkòkò, wọ́n ti ń yàgbẹ́ sórí ẹní ìkírun. Ó di dandan kí wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ wọn lóde.

Adìẹ kì í gba àlejò wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí èèyàn bá kàn da òròmọdìẹ sáàárín àwọn tó ti wà nílẹ̀, wọn á fi ẹnu sọ wọ́n lórí títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti yọ, wọn kì í dáwọ́ dúró mọ́. Ìsíátù mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi dé àgbébọ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ abẹ́ àgò fún ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ, kí ojú lè mọ ojú, kí ẹnu má sì lè kan ara. Abo adìẹ mẹ́fà àti àkùkọ kan ló wà nínú ilé adìẹ náà, tí wọ́n fi pákó àlòkù àti nẹ́ẹ̀tì kàn sẹ́yìn balùwẹ̀. Lónìí, gbogbo wọn ni yóò tú sí gbangba lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ilé adìẹ há jù. Bí àgbà bá lé ọmọdé níbẹ̀, kò síbi tí yóò sá sí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ tú wọn. Ẹni tó yẹ kó sọ fún, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni náà ni Kúnbi, Ìyá Ethan, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Ìsíátù. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, adìẹ kan ti yàgbẹ́ sára aṣọ funfun tí Kúnbi sá sórí okùn, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Kúnbi ní inú ilé èèyàn lòun háyà, òun kò háyà oko. Ìsíátù ní ẹni tí kò bá fẹ́ rí adìẹ kó lọ kọ́ ilé tirẹ̀. Bàbá Adébánjọ, tó dàgbà jù nínú ilé, ló parí ìjà náà. Ó ní kí wọ́n máa ti adìẹ mọ́lé, kí ẹnu gbogbo èèyàn sì sinmi. Adìẹ wọlé. Ẹnu sinmi. Láti ọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀ kan ṣoṣo kò jáde láàárín yàrá méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èkejì á yí ojú sí ògiri. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Ìsíátù ṣílẹ̀kùn ilé adìẹ, ó sì ká àgò kúrò. Ó ti da èèrí ògì sí ojú méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ìjà oúnjẹ má baà wà. Ó mú ọ̀pá kékeré kan dání, ó dúró ń wò wọ́n, Mardiyah dì mọ́ ìró rẹ̀.

Adìẹ funfun kan ló kọ́kọ́ sáré wá. Ó na ọrùn, ó sọ òròmọdìẹ kan lórí, òròmọdìẹ náà ké. Àgbébọ̀ pupa bá na ìyẹ́ apá méjèèjì sílẹ̀, ó fò mọ́ ọn láyà. Wọ́n ja ìjà náà dé ẹsẹ̀ táǹkì omi, ìyẹ́ ń fò. Mardiyah ní kí ìyá òun là wọ́n. Ìsíátù ní rárá, bí òun bá là wọ́n lónìí, wọ́n á tún un jà lọ́la, ó sàn kí wọ́n jà á tán. Nígbà tó yá, adìẹ funfun yí ẹ̀yìn padà, ó sì lọ. Àwọn tó kù wò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n padà sídìí èèrí tiwọn. Àwọn òròmọdìẹ rọra yọjú jáde lábẹ́ ìyá wọn.

Àkùkọ ló dé ìdí gọ́tà. Ó rí nǹkan níbẹ̀, ó tẹ orí ba, ó sì ń ké kọ́-kọ́-kọ́ bí àkùkọ ṣe máa ń pe àwọn aya rẹ̀ bó bá rí oúnjẹ tó dùn. Gbogbo wọn sáré lọ. Àgbébọ̀ pupa náà lọ, òun náà ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Lójú Ìsíátù báyìí, àgbà àti ọmọdé da orí pọ̀ sójú kan, wọ́n ń jẹ, ẹnì kankan kò lé ẹnì kankan.

Ó ní, “Mardiyah, wò wọ́n. Wọ́n ti gba ara wọn.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ju ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé lọ fọ abọ́.

Kò tíì fọ abọ́ tán tí Mardiyah fi wá pè é. Ọmọ náà ní àkùkọ ń jó. Ìsíátù jáde, ó bá àkùkọ tó ń yí káàkiri bí ẹni tó mu ọtí, tí orí rẹ̀ ń kan ilẹ̀. Itọ́ funfun ń ho lẹ́nu rẹ̀. Adìẹ méjì ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Àwọn òròmọdìẹ ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, láìké. Àgbébọ̀ pupa fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó fi àyà wọ́lẹ̀ ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó sì dákẹ́.

Àwọn ará ilé jáde. Ọdúnayọ̀, aránṣọ tó wà ní yàrá kẹta, pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó ní lúkúlúkú ni, lúkúlúkú ló máa ń pa adìẹ bẹ́ẹ̀, ó ti pa ti ìyá òun tán rí lóòjọ́. Bàbá Adébánjọ náà ní kò sí ohun méjì, lúkúlúkú ni, pàápàá nígbà tí ooru bá mú báyìí. Ẹnu gbogbo wọn kò sí lórí nǹkan mìíràn.

Kúnbi kò jáde. Ó dúró lẹ́yìn wíńdò rẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe lúkúlúkú.

Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí kò tíì wọ àdúgbò náà láti oṣù tó kọjá. Pàǹtí ti kún gọ́tà, eku sì ti gba ilé. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, eku bu ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ethan jẹ lójú oorun, ọmọ ọdún méjì péré, ẹ̀jẹ̀ kún bẹ́ẹ̀dì. Kúnbi lọ sí ọjà Bọ́ládé, ó ra oògùn eku olómi lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri rẹ̀ nínú igbá, nínú ìgò kékeré tí kò ní àkọlé kankan. Ìdájí òní ló pò ó mọ́ ìrẹsì àná, ó sì dà á sẹ́bàá gọ́tà. Ó ti wo ilé adìẹ kó tó dà á. Ó wà ní títì. Adìẹ kì í jáde mọ́. Ó rò ó pé kí òun sọ fún Ìyá Mardiyah, ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí a kì í kí?

Ó tẹ ọkọ rẹ̀, Ọlálérè, láago ní ibi iṣẹ́. Ọlálérè gbọ́ ọ tán, ó sọ fún un pé kó má sọ ohunkóhun fẹ́nikẹ́ni kí òun tó dé. Ó ní lẹ́yìn ìjà tí gbogbo ilé gbọ́, ta ni yóò gbà pé eku ló fi oògùn náà dè? Kúnbi gbé fóònù sílẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé adìẹ lásán ni, pé òun yóò wá ọ̀nà san án padà lọ́jọ́ kan láìdárúkọ ara òun. Ó gbé Ethan sẹ́sẹ̀, ó jókòó.

Ṣàmsúdéènì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà ńlá. Òṣòdì ló ti ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá, tó ń bá ṣiṣẹ́, ti ti géètì láti oṣù mẹ́rin, àràárọ̀ ló sì máa ń jáde bí ẹni tó níbi tó ń lọ. Ó rí àwọn adìẹ nílẹ̀. Ó wọlé, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkùkọ àti adìẹ méjì ṣì ń mí. Ó dojú wọn kọ ìlà-oòrùn, ó dárúkọ Ọlọ́run, ó dú wọn kí ẹ̀mí tó bọ́. Àwọn tó ti kú, òkúǹbete tí Mùsùlùmí kì í jẹ ni wọ́n. Ó kó wọn sínú àpò pẹ̀lú òròmọdìẹ mẹ́fà. Òròmọdìẹ mẹ́ta tí wọn kò tètè dé ìdí gọ́tà ló kù, wọ́n ń ké kiri.

Ìsíátù ní kó kó mẹ́ta tó dú náà kún àwọn yòókù. Ó ní ara òun kò gbà á. Ó ní lúkúlúkú máa ń fi adìẹ jókòó fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, yóò yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ á sì lọ́. Òun kò rí lúkúlúkú tó pa adìẹ kí èèyàn tó fọ abọ́ tán rí.

Ṣàmsúdéènì ń da omi gbígbóná sórí àkùkọ. Ó ní àtikékeré ni àwọn ti ń jẹ adìẹ lúkúlúkú ní Ọ̀yọ́, kò sì pa ẹnì kankan.

Ìsíátù ní, “Ẹ wo ẹnu rẹ̀, Bàbá Mardiyah. Ẹ wo itọ́ yẹn.”

Kò wò ó. Ó ń tu ìyẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú bàsíà. Ó ní láti ọjọ́ Iléyá, eegun kò kan ìkòkò nínú ilé yìí. Ó ní ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Mardiyah dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń yan ẹran, kò tọrọ, ó kàn ń gbóòórùn. Òun ló lọ fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Èmi ni mo fà á lọ́wọ́. Ìwọ kọ́.”

Ọdúnayọ̀ tó dúró nítòsí wo ilẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìsíátù lọ gbé ata.

Nígbà tí Kúnbi gbọ́ tí wọ́n ń lọ ata, ó dìde. Ó ti lérò pé wọn yóò sin àwọn adìẹ náà. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Ó gbóhùn Ṣàmsúdéènì tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà. Ó dúró níbẹ̀ títí omi ọbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó padà wọlé, ó tún tẹ Ọlálérè láago. Kò gbé e.

Kí ọbẹ̀ tó jinná, Ṣàmsúdéènì ti yan iwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ẹ̀dọ̀ lórí ẹ̀yín iná. Baálé ilé ló ni iwe, òun ló sì jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó gé ẹ̀dọ̀ bí ìka ọwọ́ kan fún Mardiyah. Ìsíátù kò jẹ. Ó ní òun ń gbààwẹ̀ Àlàmísì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ro ọbẹ̀, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó bu ẹran mẹ́rin sínú abọ́, ó bo ọmọrí mọ́ ọn, ó ní kí Mardiyah gbé e lọ fún Ìyá Ethan. Bí a bá ń jà, bí i ti ká kú kọ́. Bí àwọn adìẹ bá lè bá ara wọn parí ìjà kí ikú tó dé bá wọn, èèyàn ńkọ́?

Kúnbi gba abọ́ náà. Ó ní kó bá òun dúpẹ́. Ìlẹ̀kùn padé.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Mardiyah padà lọ gba abọ́. Nígbà tó dé, ó ń nu ẹnu rẹ̀ ṣáá, itọ́ sì ń dà sí i láyà. Ó ní, “Mọ́mì, Ìyá Ethan da ẹran wa sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí.”

Inú bí Ìsíátù. Ó gbá ọmọrí ìkòkò mọ́lẹ̀, ó gbéra, ó ti to èébú sẹ́nu. Ó fẹ́ bi í bóyá ọwọ́ Mùsùlùmí ló rí lára ẹran náà tàbí ìṣẹ́. Ó dé agbedeméjì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Nínú ọdún tí a wà yìí, ta ló ń da ẹran adìẹ nù? Kúnbi tó ń fi edé lásán se ọbẹ̀, tó ń lọ eegun ẹja fún Ethan? Ìkà kò lè mú èèyàn da ẹran mẹ́rin nù. Ìmọ̀ ló lè mú un.

Ó kan ìlẹ̀kùn. Kúnbi ṣí i. Ìsíátù kò gbóhùn sókè.

“Ìyá Ethan, kí lẹ mọ̀ nípa ẹran yẹn?”

Kúnbi kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́. “Oògùn eku ni. Mo dà á sídìí gọ́tà fún eku. Mo rò pé wọ́n wà nínú ilé wọn.”

“Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

Ìsíátù kò dúró gba ìdáhùn. Ó ti gbọ́ tí Mardiyah ń bì lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣàmsúdéènì ló gbé ọmọ náà. Ó sáré jáde sí títì láìwọ bàtà, ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, òun àti Ìsíátù wọ̀ ọ́. Kúnbi pọn Ethan, ó sáré tẹ̀lé wọn, ó mú ìgò oògùn náà dání, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ mìíràn. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwòsàn, ara Mardiyah ti rọ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọlé, ó ń làágùn bí ẹni tí òjò pa. Dókítà kan, ọ̀dọ́bìnrin tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, bèèrè ohun tó jẹ. Kúnbi na ìgò sí i. Dókítà náà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kígbe pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ méjì. Dókítà ní méjì yìí náà ló kù nílé, òmíràn sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e kíákíá. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú bébà, ó ní kí ẹnì kan sáré lọ wá a ní ilé olóògùn níta.

Ṣàmsúdéènì gba bébà náà. Dókítà wojú rẹ̀, ó bi í bóyá òun náà jẹ níbẹ̀.

“Díẹ̀ ni,” ni Ṣàmsúdéènì wí.

Ìsíátù gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé iwe mẹ́ta kì í ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Mardiyah wà nínú ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì tutù. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ṣàmsúdéènì ti lọ.

Ilé olóògùn àkọ́kọ́ kò ní i. Ìkejì ní kó dúró, wọ́n wá a, wọn kò rí i. Ìkẹta ló ti rí i. Fún ohun tó lé ní ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń sáré nínú oòrùn ọ̀sán. Gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà rí i pé ó ń làágùn, kò sì sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ti eré níbẹ̀ àtèyí tó jẹ́ ti oògùn. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó dé, ó fi oògùn náà lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó bèèrè bóyá ọmọ náà ṣì ń mí. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Kúnbi ló kọ́kọ́ rí i pé ìtọ̀ ti ń dà sí sòkòtò Ṣàmsúdéènì. Lẹ́ẹ̀kan yìí, kò dákẹ́. Ó ké sí nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé Ṣàmsúdéènì wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ rẹ̀. Oògùn tó rà bọ̀ ni wọ́n pín fún àwọn méjèèjì. Wọ́n rán ẹlòmíràn jáde lọ wá sí i. Kí ẹni náà tó dé, Mardiyah ti la ojú, ó ń bèèrè omi. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Mọ̀ńgáríbì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé-ìwòsàn, dókítà náà fa aṣọ bo ojú Ṣàmsúdéènì.

Ìsíátù kò sunkún. Ó jókòó, ó ń fi ṣíbí kékeré bu omi sẹ́nu ọmọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọlálérè ti dé láti ibi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táì lọ́rùn, kò lè wọlé, kò lè jáde.

Ọlọ́pàá kan wá, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ó mú bébà àti bírò dání. Ó bá Ìsíátù kẹ́dùn. Ó ní òun mọ̀ pé kò yẹ kí òun dà á láàmú ní irú àkókò báyìí, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: níbo ni oògùn náà ti wá, ta sì ni ó dà á síbẹ̀?

Kúnbi jókòó sórí ilẹ̀ ní ìdí ògiri, Ethan ti sùn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó gbé ojú sókè wo Ìsíátù. Ọlálérè náà wo Ìsíátù. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń ké.

Ìsíátù bu omi sí Mardiyah lẹ́nu. Ó gbé ife kalẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ó ní, “Ẹ bi ìyàwó yẹn. Ó lẹ́nu.”

Ọlálérè mi orí sí ìyàwó rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé rárá. Kúnbi rí i. Ó tún ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀ so, ó dìde dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí eku.